Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti bí èkejì

Àbúrò mi, o ní oyún rẹ ti pé ọ̀sẹ̀ 34, ọmọ àkọ́kọ́ ni, o sì fẹ́ bí i láìgba abẹ́rẹ́ ìrora. O ní kí la máa ń ṣe sílẹ̀. Mo ti bí méjì bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn. Ti àkọ́kọ́, kì í ṣe pé mo yàn án: ilé ìwòsàn tí mo lọ kò ní abẹ́rẹ́ ìrora tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn (epidural), èyí tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń gbà, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ni kò sì ní in. Bó o fẹ́, bó o kọ̀, múra sílẹ̀.

Àdúrà nìkan ni mo fi múra fún àkọ́kọ́. Gbogbo àwa aláboyún ìjọ wa là ń ké "bí àwọn obìnrin Hébérù," kí ọmọ ti bọ́ sílẹ̀ kí agbẹ̀bí tó dé. (Ẹ tún Ẹ́kísódù 1:19 kà o. Agbẹ̀bí ló sọ̀rọ̀ yẹn!) Mo ṣì ń gba àdúrà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìrọbí mú mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń mí. Mo pa eyín pọ̀, mo di ẹ̀ṣẹ́, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, mo dùbúlẹ̀ gbalaja. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé tọ̀ mí. Wákàtí 17 ni mo fi pariwo, títí n ò fi ní ohùn mọ́. Lẹ́yìn tí mo bí i, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú rán ojú ara mi kí abẹ́rẹ́ tó máa pa ojú ibẹ̀ tó ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ rán ọ, ní kí wọ́n dúró kí ibẹ̀ kú ná. Ìyẹn ò ba ìpinnu rẹ jẹ́.

Nígbà tí mo lóyún èkejì, ìbéèrè méjì ni mo bi wọ́n níbòmíràn kí n tó forúkọ sílẹ̀: ṣé ẹ máa jẹ́ kí èèyàn mi dúró tì mí? Ṣé mo lè dìde rìn? Ìyá àgbà kan tó jẹ́ agbẹ̀bí níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó, kí ni wọ́n ń pè ní ìkúnlẹ̀ abiyamọ?" Ojoojúmọ́ la fi ń bẹ ara wa, à á ní torí ìkúnlẹ̀ abiyamọ, mi ò sì rò ó rí pé nǹkan tí àwọn ìyá wa ṣe ni: wọ́n kúnlẹ̀ bí wa. Àwa wá gun bẹ́ẹ̀dì, à ń wo àjà. Tí ibi tó o forúkọ sílẹ̀ sí bá ń ṣagídí, sọ fún wọn pé ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé jáde ní 2018 náà ní kí aláboyún ní ẹni tó wù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì máa rìn. Ìsinsìnyí ni kó o bi wọ́n, má dúró di ọjọ́ náà.

Mímí ni kó o máa kọ́ lálaalẹ́. Pure water tó ti di yìnyín ni mo máa ń dì mọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan, bí ẹni pé ìrọbí ló dé, tí mo máa ń mí jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná. Ọkọ mi rò pé orí mi ti dàrú. Ṣùgbọ́n ìrọbí kì í dúró lójú kan. Nígbà tó bá le jù, bí ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ni, á sì fi ọ́ sílẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, àkókò ìsinmi yẹn ni mo fi ń bẹ̀rù èyí tó ń bọ̀. Nígbà kejì, mo fi ń sùn. Mo sùn lóòótọ́, lórí ìkúnlẹ̀, orí mi lórí pílò.

Ìrọ̀lẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Mo mu ògì, mo jẹ mọ́ínmọ́ín, mo ń rìn káàkiri ilé, mo ń tọ̀ léraléra, torí ìtọ̀ tó bá kún inú máa ń fa ọwọ́ ìrọbí sẹ́yìn. Nígbà tí ìrọbí ń dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún la gbéra, ẹnu ilé-ọmọ mi sì ti ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ìbàdí mi mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá dé. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo máa ń bú u. Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé sẹ̀ǹtímítà 10, tí ọmọ fi máa ń rọ́nà jáde, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ fún iṣẹ́ abẹ, mi ò lè ṣe é mọ́. Ìyá àgbà ní, "Ó ti ń parí nìyẹn." Òótọ́ ni. Ìwọ náà lè sọ ọ́. Sọ fún ẹni tó máa tẹ̀ lé ọ ṣáájú.

Má mu àgbo tí wọ́n ní ó ń mú ọmọ yá. Ó lè mú ilé-ọmọ fún jù títí á fi ya. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n á gún ọ ní itan lẹ́yìn tí ọmọ bá dé kì í ṣe ti ìrora, ẹ̀jẹ̀ ló ń dá dúró, gbà á. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, tí omi tó bẹ́ bá láwọ̀ ewé, tí ọmọ kò bá yíra bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, tí orí bá ń fọ́ ọ tí ojú sì ń ṣú, má ka ìṣẹ́jú kankan, wọ mọ́tò. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ ló kù, lọ ṣe é, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ fi ojú kéré rẹ.

Kó o sì di irun rẹ sí kọ̀lẹ́sẹ̀ tó bá ti di ọ̀sẹ̀ 37. Ṣùkú ló wà lórí mi, kò sí bí mo ṣe gbé orí lé pílò tí kò gún mi.