Ṣé òótọ́ ni pé ọdún tí Galileo kú ni wọ́n bí Newton?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni mò ń bójú tó ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ girama wa. Àwọn ọmọ ń ṣe ìwé àlẹ̀mógiri nípa Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé kan ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1642 ni wọ́n bí i, òmíràn ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 1643. Èwo ni ká kọ? Ṣé òótọ́ sì ni pé ọdún tí Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, kú gan-an ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Déètì méjèèjì tọ̀nà. Ojúmọ́ kan náà ni, bí ọmọ tí ilé bàbá àti ilé ìyá sọ lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kàlẹ́ńdà Julius Caesar tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 gùn ju ọdún oòrùn lọ. Ó kéré lójú, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ó di ọjọ́ gidi. Ní 1582, Póòpù Gregory Kẹtàlá yọ ọjọ́ 10 kúrò: wọ́n sùn ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, wọ́n jí ní ọjọ́ 15. Ítálì gbà á lójú ẹsẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ya kúrò lábẹ́ Póòpù, wọn ò gbà á títí di 1752.

Woolsthorpe, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí Newton sí, lọ́jọ́ Kérésìmesì tiwọn. Ẹ kọ 25 sójú pátákó. Ẹ fi 10 kún un, ó di 35. Ẹ yọ ọjọ́ 31 tí oṣù Kejìlá ní, ó ku 4. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn ṣe é.

Ti Galileo ló gba ìṣọ́ra. Arcetri, lẹ́bàá Florence, ló kú sí, lọ́jọ́ 8 oṣù Kìíní 1642, lórí kàlẹ́ńdà tuntun ti Póòpù Gregory. Àwọn tó ń sọ pé ọdún kan náà ni mú déètì Ítálì fún ẹni tó kú, wọ́n wá mú ti Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí wọ́n bí. Òṣùwọ̀n kan ló yẹ ká fi wọn méjèèjì. Lórí kàlẹ́ńdà tuntun, 1642 àti 1643 ni. Lórí ti àtijọ́, ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 1641 ni Galileo kú, Newton sì dé ní 1642. Kò síbi tí wọ́n ti pàdé. Mo mọ ìdí tí ìtàn náà fi ń wù wá gbọ́: ó jọ Babátúndé. Èmi náà fi kọ́ ọmọ fọ́dún mélòó kan kí n tó jókòó ṣírò rẹ̀, ó sì dùn mí.

Tí ẹ bá ń wá àyájọ́ tòótọ́, ẹ fi Stephen Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Gẹ̀ẹ́sì, rọ́pò: ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 1942 ni wọ́n bí i, ó pé 300 ọdún géérégé tí Galileo kú. Kàlẹ́ńdà kan náà ni méjèèjì.

Lórí ìwé yín, ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1642, kàlẹ́ńdà àtijọ́, ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 1643 lórí tòde òní.” Ní ti ikú rẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1727 ni. Ọmọ kan lè rí àwòrán ibojì rẹ̀ ní Westminster Abbey, kó sọ pé ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 1726 ló wà níbẹ̀. Kò ṣìnà: ìyàtọ̀ kàlẹ́ńdà ti di ọjọ́ 11 nígbà yẹn, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta sì ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, torí náà 1726 ni wọ́n ṣì wà.