Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn kọ orí mọ́tò sódì lálẹ́ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú kékeré kan ní Kent la wà, iṣẹ́ care lèmi àtìyàwó mi ń ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ṣíwọ́ ní aago mẹ́wàá, àyè tí mo rí wà lódìkejì títì, mo kàn yà sọ́hùn-ún mo páàkì. Mi ò dínà, kò sí ìlà yẹ́lò, ilẹ̀ mọ́, mo bá tíkẹ́ẹ̀tì lára gíláàsì! Kí ni mo ṣe? Ẹsẹ̀ nìyàwó mi náà fi ń bọ̀ lóru, títì ọ̀hún ò sì ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ibi tó o kọ orí mọ́tò sí ló kó bá ẹ. Nílùú ọba níbí, tílẹ̀ bá ti ṣú, o ò gbọ́dọ̀ páàkì sójú títì kí iwájú mọ́tò dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀, àfi tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n dìídì fàlà sí fún páàkì. Wàá rí wọn tí wọ́n ń ṣe é lọ́sàn-án, ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. Ṣó o rí nǹkan pupa tó wà nídìí mọ́tò yẹn, tí kò ní búlúùbù, tó jẹ́ pé iná ọkọ̀ ẹlòmíì ló ń mú un tàn, ẹ̀yìn nìkan ló wà, tó bá wá jẹ́ iwájú lo kọ sẹ́ni tó ń bọ̀, òkùnkùn lásán ló máa rí. Tún jìnnà sí oríta ní mítà 10 ó kéré tán, títì tí eré tí wọ́n fàyè gbà níbẹ̀ bá sì ju máìlì 30 ní wákàtí kan lọ, fi iná páàkì sílẹ̀ ní títàn.

Tìyàwó ẹ ló ká mi lára jù. Òsì lọkọ̀ ń gbà níbí, torí náà apá ọ̀tún ni kó máa rìn, kó lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Òsì ló mọ́ àwa lára torí ọ̀tún lọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà (láti April 1972 o, ṣáájú ìgbà yẹn bíi tibí náà ni). Tó bá kù díẹ̀ kó dé kọ́nà tó ká sápá ọ̀tún gan-an, kó ti sọdá sápá kejì káwọn dírẹ́bà lè tètè rí i. Aṣọ funfun nìkan ò tó lóru, ra fẹ́ẹ̀sì tó ní ìlà tó ń kọ mọ̀nà yẹn, irú èyí táwọn tó ń ṣe títì ń wọ̀, iná mọ́tò lè gbé e jáde níbi tó jìn tó ìlọ́po mẹ́ta aṣọ lásán. Ra méjì, kí ìkan wà nínú búùtù mọ́tò tìẹ. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, san án jàre.