Ìdí Tí Ẹni Mímọ́ Demetrios Fi Wọ Ìhámọ́ra Lórí Eyín Erin

Ìbéèrè tí a gbà nìyí: nínú àwòrán ẹni mímọ́ Demetrios tí wọ́n gbẹ́ sára eyín erin, èyí tó wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York, èé ṣe tí ajẹ́rìíkú fi gbé ọ̀kọ̀ àti asà lọ́wọ́? Ṣé kì í ṣe Ògún ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀?

Kì í ṣe Ògún rárá. Ó yé mi ohun tó mú ìbéèrè náà wá, nítorí pé ní Rio de Janeiro, ní orílẹ̀-èdè Brazil, ẹni mímọ́ George, tí òun náà jẹ́ ológun, ni ọ̀pọ̀ olórìṣà so pọ̀ mọ́ Ògún. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 950 sí 1000 ni wọ́n gbẹ́ eyín erin yìí, ní ìjọba Róòmù ti Ìlà-Oòrùn tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Constantinople, nígbà tí ará Yúróòpù kankan kò tíì kó ẹrú lọ sí Brazil.

Ìtàn ìjọ sọ pé ará Thessaloniki ní ilẹ̀ Gíríìkì ni Demetrios, pé ó ń kọ́ni ní ìyìn rere, àti pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrin ni àwọn ọmọ ogun gún un lọ́kọ̀ pa níbi tí wọ́n tì í mọ́. Òun ni wọ́n fi ọ̀kọ̀ gún; a kò gbọ́ pé ó fi gún ẹnikẹ́ni nígbà ayé rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nínú àwọn àwòrán àtijọ́ tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ tò sára ògiri ilé ìjọsìn rẹ̀ ní ìlú náà, aṣọ ìjòyè ló wọ̀. Nínú ọ̀kan, ó dúró láàárín bíṣọ́ọ̀bù àti gómìnà, ó gbé ọwọ́ lé wọn léjìká bí ẹni tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ wọn.

Ogun ló pààrọ̀ aṣọ náà. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹfà, nígbà tí àwọn ẹ̀yà Avar àti Slav dó ti Thessaloniki, àwọn ará ìlú gbà pé Demetrios fara hàn lórí odi pẹ̀lú ìhámọ́ra, tó sì fi ọ̀kọ̀ ti ọ̀tá tó kọ́kọ́ gun àkàsọ̀ dé òkè ṣubú. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹwàá, tí àwọn ọba bíi Nikephoros Phokas ń jagun lemọ́lemọ́, irú ẹni mímọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá ń fẹ́ níwájú wọn bí wọ́n bá ń gbàdúrà. Lójú tèmi, ohun tí àwọn ènìyàn ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìhámọ́ra náà ń sọ, kì í ṣe iṣẹ́ tó ṣe láyé.

Pẹlẹbẹ náà kéré, gíga rẹ̀ kò pé sẹ̀ǹtímítà 20, nítorí pé eyín erin rí róbótó, ó sì ní ihò nínú, kò sì jẹ́ kí agbẹ́gilére rí pátákó fífẹ̀ gé. Agbẹ́gilére gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé kí ẹni mímọ́ náà lè yọ síta, ṣùgbọ́n kò gbẹ́ ẹ yọ pátápátá bí ère tó dá dúró, nítorí ìjọ Ìlà-Oòrùn kò fẹ́ràn irú ère bẹ́ẹ̀ nínú ìjọsìn.

Ẹni tó bá tún rí irú iṣẹ́ yìí, kí ó wo àwọn lẹ́tà Gíríìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Lẹ́yìn tí àríyànjiyàn lórí àwòrán mímọ́ parí ní ọdún 843, kíkọ orúkọ sára wọn di ohun tí a kì í fi ṣeré, ó sì wúlò gan-an fún àwọn ológun wọ̀nyí: ẹni mímọ́ Theodore ní irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí kò ní irùngbọ̀n ni George àti Demetrios, irú ìhámọ́ra kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń wọ̀.