Ìgbà tí kímò parí ni ẹ̀rù tó ráyè

Ẹ kú ìsapá o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa aládùúgbò yín, obìnrin ará Mẹ́síkò. Ẹ ní ó ti parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú láti oṣù mẹ́rin, wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ kì í sùn mọ́, ẹ wá ń wò ó pé bóyá ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sí i létí, ẹ jọ̀ọ́.

Houston níbí, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú tèmi ní 2016. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń fa kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, sí wa lára, àwọn tó ń sọ Spáníìṣì ló pọ̀ jù, èmi nìkan ni Yorùbá ibẹ̀. Bí kímò ṣe ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀rù kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè: nọ́ọ̀sì ń pè, ẹnìkan ń gbé ọbẹ̀ wá, ẹlòmíì ń wa ọkọ̀. Ọjọ́ tó parí ni kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Bí orí bá fọ́ ọ, wàá ní jẹjẹrẹ ti dé ọpọlọ nìyẹn. Bí ẹ̀yìn bá ro ọ́, ó ti wọ egungun. Bí mámógíràmù, àwòrán tí wọ́n fi ń yẹ ọmú wò, bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, màá máa tẹ abíyá mi títí yóò fi máa dùn mí, màá wá ní ẹ ò rí i, ó ń dùn mí!

Ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀, ará Mẹ́síkò lòun náà, àwọn èèyàn rẹ̀ kì í yé sọ fún un pé "échale ganas". Bí àwa ṣe máa ń ní "ṣọkàn akin, rántí àwọn ọmọ rẹ" ni. Ìfẹ́ ni, àmọ́ ó ń di èèyàn lẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ló tún ń ṣe ògbufọ̀ fún un lọ́dọ̀ dókítà. Ta ni yóò gba ẹnu ọmọ rẹ̀ sọ pé ẹ̀rù ikú ń ba òun? "Estoy bien", ìyẹn "dáadáa ni mo wà", ni ní gbogbo ìgbà.

Nọ́ọ̀sì kan ló ta wá lólobó pé ilé ìwòsàn tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ lo ọmọdé àfi tó bá di pàjáwìrì. Lọ́jọ́ tí ògbufọ̀ gidi jókòó, ọ̀rọ̀ ikú kọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tó wà ní Puebla, ní Mẹ́síkò, ni. Oṣooṣù ló ń fowó ránṣẹ́ sí i, kò sì tíì sọ fún un rí pé ara òun ò yá. Ni mo bá bú sẹ́kún. Ọdún méjì ni mo fi pa tèmi mọ́ fún ìyá mi n'Íbàdàn. Fótò àtijọ́ ni mo ń fi ránṣẹ́ kí wọ́n má baà rí orí mi tó pá.

Ẹ bá a béèrè ògbufọ̀. Bó bá ń pe ohun tó ń ṣe é ní "nervios", orúkọ tí wọ́n ń pe àìbalẹ̀ ọkàn ní Spáníìṣì, kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún dókítà. Bó bá ń lo tamoxifen, oògùn tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ ọmú tètè padà, tí wọ́n sì fẹ́ fún un ní oògùn àìbalẹ̀ ọkàn, kó rán wọn létí, torí àwọn kan lára irú oògùn bẹ́ẹ̀, paroxetine àti fluoxetine, lè dín agbára tamoxifen kù. Bó bá ní ayé sú òun, 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó ń ronú àtipa ara rẹ̀, ni kẹ́ ẹ pè, kẹ́ ẹ tẹ 2 fún Spáníìṣì.

Ẹ tún bi í léèrè ọjọ́ tí mámógíràmù rẹ̀ bọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀.