Kí ló ń pa ọmọ ẹja àrọ̀ mi nínú lábù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọmọ ẹja àrọ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe ìwádìí. Ẹyin wọn ń pa dáadáa, àmọ́ tó bá ti di ọjọ́ karùn-ún báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú tó wọ́n gan-an ni mò ń bù fún wọn, mi ò sì ṣahun. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Oúnjẹ kún inú omi lóòótọ́, síbẹ̀ ó jọ pé ebi ló ń pa wọ́n.

Tí omi bá gbóná tó nǹkan bí 28°C, ọmọ ẹja àrọ̀ kì í béèrè oúnjẹ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tó gbé wá láti inú ẹyin ṣì wà nínú àpò kékeré abẹ́ ikùn rẹ̀. Ìgbà tí àpò yẹn bá gbẹ ni ebi dé, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ kò tíì gbó tó láti da oúnjẹ gbígbẹ. Lẹ́búlẹ́bú tó o ń bù á wá rì sísàlẹ̀, á jẹrà, á sì di ammonia. Ebi níwájú, májèlé lẹ́yìn.

Àtẹ́míà ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dá inú omi iyọ̀ kín-ń-kín tó bá edé tan. Inú agolo ni wọ́n ń ta ẹyin rẹ̀. Po iyọ̀ gíráàmù 25 sí 30 mọ́ lítà omi kan, da ẹyin náà sí i, tan gílóòbù iná sí i lórí, kí atẹ́gùn máa hó nínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Tó bá fi máa di wákàtí 24, wọ́n á ti pa. Pa ẹ̀rọ atẹ́gùn: èèpo á léfòó, àwọn alààyè á kóra jọ sísàlẹ̀. Fi rọ́bà fa ti ìsàlẹ̀ nìkan, torí èèpo lè dí ìfun ọmọ ẹja. Sẹ́ wọn, kó o sì fi omi tí kò níyọ̀ ṣan wọ́n.

Fún wọn ní díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà lójúmọ́, torí àtẹ́míà kì í pẹ́ kú nínú omi tí kò níyọ̀. Lẹ́yìn náà, bu ọmọ ẹja mélòó kan sínú ife gíláàsì, gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ikùn èyí tó yó á pọ́n fòò bí epo pupa. Èyí tí tiẹ̀ ṣófo kò tíì jẹun rárá. Èmi kì í kúrò ní lábù láìwo ikùn wọn. Mo gbà á gbọ́ ju ohun tí wọ́n kọ sára àpò oúnjẹ lọ.

Tí wọ́n bá ti jẹ àtẹ́míà fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, máa fi lẹ́búlẹ́bú lù ú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gba ipò rẹ̀. Èyí tí purotéènì rẹ̀ tó 50% ni kó o wá, kó o sì gbé e sínú fíríìjì, torí ooru máa ń ba fítámì C inú rẹ̀ jẹ́. Máa fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì lójoojúmọ́. Ṣa àwọn tó bá ti ga ju ẹgbẹ́ wọn lọ sọ́tọ̀, torí wọn á máa gbé àwọn kékeré mì.

Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ ìwádìí, wọn oúnjẹ táǹkì kọ̀ọ̀kan, fún gbogbo wọn ní wákàtí kan náà, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tí táǹkì kan bá yó tí èkejì ń pebi, ohun tó o fẹ́ dán wò lo máa rò pé ó fa ìyàtọ̀ àárín wọn.