Kí ló dé tí fóònù fi ń sọ pé ẹni tó jókòó ń rìn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí n'Ìbàdàn, mò ń ṣèwádìí lórí ìrìn àwọn tó ń tajà. Ẹni 12 gbà kí n fi áàpù sí fóònù wọn, tó ń kọ ibi tí wọ́n wà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bátìrì kì í dé ọ̀sán. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìyá kan jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ fún wákàtí 8, dátà sì ní ó rin kìlómítà 9. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí. Orísun kan náà ni ìṣòro méjèèjì ti wá: ẹ̀ ń bi GPS, ẹ̀rọ inú fóònù tó ń fi àmì sátẹ́láìtì mọ ibi tó wà, léèrè nígbà tí kò ní ohun tuntun láti sọ.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 28,800. Bí àmì tí fóònù ń fi sórí máàpù bá yẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta mítà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ ti di kìlómítà 9.6. Bẹ́ẹ̀ ni níta gbangba pàápàá, fóònù a máa fi nǹkan bí mítà 5 ṣì í. Abẹ́ páànù láàárín ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tún burú jù bẹ́ẹ̀. Àkókò tí àmì rédíò fi ń ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì bọ̀ ni fóònù fi ń ṣírò bó ṣe jìnnà tó, àmì náà sì ń sá mítà 300 láàárín ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Bó bá lọ gbá ògiri, tí ìrìn rẹ̀ fi mítà 30 gùn sí i, fóònù ò mọ̀ pé ògiri ló dá a dúró. Ó gbà pé sátẹ́láìtì ló jìnnà. Sátẹ́láìtì kì í sì í dúró lójú kan, nítorí náà àṣìṣe yẹn ń yí padà, ìyá tó jókòó jẹ́ẹ́ wá ń fò láti orí òrùlé kan sí èkejì.

Accelerometer ni kí ẹ fi ṣe aṣọ́nà, ẹ̀rọ kékeré inú fóònù tó ń mọ̀ bí fóònù bá mì. Kì í jẹ bátìrì tó GPS. Lórí tábìlì, nọ́ńbà rẹ̀ dúró sí nǹkan bíi 9.8, ìyẹn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan. Bí ènìyàn bá ń rìn, nọ́ńbà náà á máa gòkè sọ̀kalẹ̀ bí ìgbà méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kò bá mì, ẹ má jí GPS. Àmọ́ ẹ bẹ̀ wọ́n kí fóònù máa wà lára wọn, torí èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì ò lè mọ̀ pé olówó rẹ̀ ti jáde.

Fún ẹni tó ń rìn, kí GPS máa kọ ibi tó wà ní ìṣẹ́jú-àáyá 15 síra ti tó: á ti rin bí mítà 20, tó ju àṣìṣe GPS lọ. Nínú danfo tó ń sá 36 km/h, ìṣẹ́jú-àáyá 10 jẹ́ mítà 100.

Láti Android 8, áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, tí kò sí lójú fóònù, kì í rí ibi tí fóònù wà ju ìgbà díẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí tiyín máa ṣiṣẹ́ bíi foreground service, tí ìkìlọ̀ rẹ̀ kì í kúrò lójú fóònù, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú ètò ìpamọ́ bátìrì. Kó tún máa kọ ìlà kan ní ìṣẹ́jú 10 10 pé òun ṣì wà. Láìsí ìlà yẹn, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó jókòó àti fóònù tó ti kú.

Dátà tó wà nílẹ̀ ò ṣòfò. Ẹ tọ́jú ojúlówó rẹ̀, kí ẹ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà. Ẹ yọ ibi tí accuracy (iye mítà tí fóònù fúnra rẹ̀ rò pé òun lè fi ṣì) ti kọjá mítà 50, àti ìfò tó máa gba eré tó ju 120 km/h.

Láti mọ ibi tí ènìyàn dúró sí, àwọn tó ṣe ìwádìí GeoLife ní Beijing, tí wọ́n kó ìrìn ẹni 182 jọ láàárín 2007 sí 2012, gbà pé ẹni tí kò bá kúrò láàárín mítà 200 fún ìṣẹ́jú 20 ti dúró síbẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn ò bá ọjà mu: ẹni tó fi ìṣẹ́jú 10 ra ata ti sọnù nínú rẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì lè dà bí ìbẹ̀wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mítà 100 àti ìṣẹ́jú 8, kí ẹ ní kí ẹni méjì fọwọ́ kọ ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ fi wé e. Ìṣísẹ̀ tí accelerometer ń rí náà á ràn yín lọ́wọ́: ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù á dìde, á rìn díẹ̀, ti inú danfo ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló ká mi lára jù. Ní 2013, olùwádìí kan, de Montjoye, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ dátà ibi tí fóònù mílíọ̀nù 1.5 ènìyàn wà wò. Ibi mẹ́rin péré, pẹ̀lú àkókò wọn, tó láti dá ẹni 95 nínú 100 mọ̀ yàtọ̀. Yíyọ orúkọ kúrò nìkan kò tó, nígbà tí ibi tí fóònù ń sùn lálaalẹ́ ti jẹ́ ilé olówó rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà dípò orúkọ, kí ìwé tó so méjèèjì pọ̀ wà níbòmíràn lábẹ́ àgádágodo, ṣùgbọ́n ẹ má tíì jó o. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 gba ẹnikẹ́ni láàyè láti yí ohùn padà. Bí ìyá Dùgbẹ̀ yẹn bá ní kí ẹ yọ òun kúrò lọ́la, ẹ gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí gbogbo ìlà tó jẹ́ tirẹ̀, kí ẹ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀.