Ẹ Bi Wá: Ère tó wà níta gbangba, ṣé ká lọ wò ó?

Lẹ́tà tó dé lóṣù yìí, mẹ́ta nínú wọn dá lórí ère, inú mi sì dùn gan-an, torí ìlú ère ni Abẹ́òkúta wa yìí látọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn ará agbo ilé Adugbologe ní Ìtókò gbẹ́ ìbejì, wọ́n gbẹ́ orí eégún, iṣẹ́ wọn wà ní mùsíọ́ọ̀mù lókè òkun lónìí, àmọ́ bó o bá sọ fún ọmọ Ẹ̀gbá kan pé wá jẹ́ ká lọ wo ère lọ́jọ́ Sátidé, á ní kí la fẹ́ lọ wò níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí ìdáhùn mi fi máa gùn díẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtọ́kú. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Leeds ní kí n wá kí àwọn lóṣù kẹjọ, ó ní òun máa mú mi lọ síbì kan tó ń jẹ́ Yorkshire Sculpture Park, pé inú oko ló wà, ère ló kún ibẹ̀. Orúnkún ń dùn mí, ìyá ìjọ sì ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣé kí n bá a lọ àbí kí n ní kó mú mi lọ sọ́jà? Ìyá Aláàdìrẹ.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ bá a lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ọjà ò ní sá lọ, ẹ lè lọ lọ́jọ́ kejì.

Ibẹ̀ ò jìnnà sí Leeds, ẹ̀gbẹ́ ìlú Wakefield ló wà. Ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́ kan ni tẹ́lẹ̀, Bretton Hall ni wọ́n ń pè é, ọdún 1977 ni wọ́n sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń to ère sí, ó fẹ̀ tó ẹ́kà 500. Adágún wà níbẹ̀, igi ńláńlá wà, àgùntàn ń jẹko kiri láàárín àwọn ère, kò sì sẹ́ni tó ń lé wọn.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìjọ, ẹ fọkàn balẹ̀, wọn kì í bọ ère níbẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n kó síta kí èèyàn lè rí i. Àwọn méjì tí òkìkí wọn kàn jù nínú àwọn agbẹ́re ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé òde òní, ọmọ àdúgbò ibẹ̀ ni wọ́n. Henry Moore, ọmọ ẹni tó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀, Castleford ni wọ́n bí i sí ní 1898, Barbara Hepworth ní tiẹ̀, Wakefield gan-an ni wọ́n ti bí i ní 1903. Ẹ ní kí ọmọ yín mú yín débi iṣẹ́ Hepworth kan tó jẹ́ ère idẹ mẹ́sàn-án lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sójú, kò sẹ́nu lára ìkankan nínú wọn, síbẹ̀ bí wọ́n ṣe dúró síra wọn, ẹ máa mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n, ẹ máa mọ èyí tó jẹ́ àgbà nínú wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún yín. Èmi ò mọ bí èèyàn ṣe ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó ń yà mí lẹ́nu gan-an ni.

Èyí tó tún kàn yín jù: ní 2013, Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London tó sì dàgbà ní Èkó, pàtẹ iṣẹ́ ẹ̀ níbẹ̀, ó gbé ère gíga kan síta tó dà bí ànkárá tí atẹ́gùn gbé sókè, kì í sì í ṣe aṣọ rárá, nǹkan líle ni, wọ́n wá ya òdòdó ànkárá sára ẹ̀. Wọ́n máa ń pààrọ̀ àwọn ère kan níbẹ̀ látìgbàdégbà, torí náà kí ọmọ yín wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó lọ, kó mọ àwọn ère tó ṣì wà níbẹ̀ àti iye owó àbáwọlé. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wo aṣọ lórí okùn ní Ìtọ́kú látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yin lẹ lè sọ bóyá ọkùnrin yẹn mọ bí atẹ́gùn ṣe ń gbáṣọ lóòótọ́, kì í ṣe èmi.

Orúnkún yín ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ rin ẹ́kà 500 tán. Àwọn ère kan wà nítòsí ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò, ẹ wo mẹ́rin, márùn-ún, ẹ jókòó, ẹ mu tíì. Kí ọmọ yín pè wọ́n ṣáájú, kó béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí àgbàlagbà ń jókòó sí wà. Ẹ wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀, ẹ má wọ sálúbàtà lọ, torí koríko ibẹ̀ máa ń tutù, ìgbẹ́ àgùntàn sì wà nílẹ̀. Ẹ mú súwẹ́tà dání, oṣù kẹjọ yẹn náà òjò lè rọ̀, òtútù òwúrọ̀ wọn kì í ṣe ti ibí. Ẹ má fọwọ́ kan ère idẹ láìbéèrè, epo ọwọ́ wa máa ń ba ara idẹ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń náwó láti fọ̀ ọ́ àti láti fi ìda pa á lára.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín sí, Màmá: ẹ má dúró síwájú ère kẹ́ ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ sì máa lọ. Ẹ rìn yí i ká. Wọn ò gbé e síta lásán, bí oòrùn bá ṣe ń yí ni ojú ẹ̀ ń yí, ohun tẹ́ ẹ rí níwájú lè má sí lẹ́yìn rárá.

ÌBÉÈRÈ: Tísà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbarà. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kí wọ́n lọ wo ère, àwọn òbí kan ní ọmọ àwọn ò ní débẹ̀ láéláé, pé ibi òrìṣà ni, ọ̀gá wa náà ò fẹ́ wàhálà. Báwo ni kí n ṣe é? Tísà Ìbarà.

ÌDÁHÙN: Tísà, ẹ kú làálàá. Mo fara mọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe gan-an, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé òótọ́ làwọn òbí yẹn sọ. Ibi òrìṣà ni lóòótọ́. Ibi ìjọsìn tí wọ́n ṣì ń lò dòní ni, ogójì ojúbọ ló wà níbẹ̀, odò Ọ̀ṣun ń ṣàn gba inú ẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ bá lọ sọ fún àwọn òbí pé páàkì lásán ni, ọmọ kan á dé ilé á sọ ohun tó rí, wọn ò sì ní gbà yín gbọ́ mọ́ láé. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ wá fi ìyókù kún un.

Ìyókù ibẹ̀ ló sì dùn. Igbó yẹn fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Ní 1965 ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan nínú ẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1992 títí ó fi kan gbogbo ẹ̀, UNESCO wá kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Àmọ́ kó tó di pé gbogbo èyí ṣẹlẹ̀, igbó yẹn ti fẹ́ẹ̀ pa run. Láàárín 1950 sí 1960, àwọn kan ń gégi níbẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń ṣọdẹ, ikán sì ti jẹ àwọn ojúbọ. Obìnrin òyìnbó kan tó wá láti Austria, Susanne Wenger, tí wọ́n bí ní Graz ní 1915, tó dé Nàìjíríà ní 1950, òun ló bá àwọn olùsìn fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti tún un ṣe. Àwọn ará Òṣogbo pè é ní Àdùnní Olórìṣà, ó gbé láàárín wọn títí ó fi kú ní 2009.

Tísà, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí pẹ̀lú àwọn ọmọ yín rèé o. Kì í ṣe Àdùnní nìkan ló ṣe àwọn ère yẹn. Àwọn tó bá a ṣe é, oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ni wọ́n. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni, símẹ́ǹtì tó fi ń kọ́lé náà ló fi ṣe ère ńláńlá tí gbogbo ayé ń wá wò. Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta, Kàsálì Àkàngbé ń gbẹ́ igi. Ọmọ bíríkìlà á wà ní kíláàsì yín, ọmọ káfíńtà á wà níbẹ̀, mo fẹ́ kí ọmọ yẹn dúró síwájú ère símẹ́ǹtì tó ga ju ilé wọn lọ kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé bíríkìlà ló ṣe é. Mi ò rò pé ìwé kankan lè kọ́ ọ ní nǹkan yẹn bí ojú ẹ̀ ṣe máa kọ́ ọ. Ẹ fi ère Ìyá Mọ̀ọ́pó hàn wọ́n pẹ̀lú, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ni, ti ìkòkò mímọ, ti aṣọ rírẹ, ìyẹn kan ilé ọ̀pọ̀ ọmọ Abẹ́òkúta tààrà, Àdùnní fúnra ẹ̀ náà sì ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ nígbà ayé ẹ̀.

Ẹ pe àwọn òbí sípàdé, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ sọ ọ́ yékéyéké pé ọmọ ò ní kúnlẹ̀, kò ní jẹ, kò ní mu ohunkóhun níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó mú wá láti ilé. Omi odò gan-an, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bu ú mu, torí látìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lápá òkè odò lomi yẹn ti pọ́n. Òbí tó bá kọ̀ ṣá, ẹ má bá a jà, ẹtọ́ ẹ̀ ni, ẹ mú ọmọ tiẹ̀ lọ sí Olúmọ lọ́jọ́ mìíràn kó má lọ rò pé wọ́n yọ òun sílẹ̀.

Ẹ má lọ lóṣù kẹjọ, ìgbà ọdún Ọ̀ṣun nìyẹn, èrò á pọ̀ jù fún ọmọdé, ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ háyà mọ́tò kan tó máa gbé yín lọ tó sì máa gbé yín bọ̀, ẹ gbéra láàárọ̀ kùtù, ẹ gba Ìbàdàn, ẹ fi ju wákàtí mẹ́ta sí lílọ nìkan, kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ béèrè owó àbáwọlé àti ti kámẹ́rà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gba ẹni tó máa mú yín yí ká. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, wọ́n lè já bisikíìtì gbà lọ́wọ́ ọmọdé, kí oúnjẹ wà nínú mọ́tò. Ẹni tó bá ń gbàdúrà, ẹ má yà á ní fọ́tò láìgbàṣẹ. Wọn kì í gégi níbẹ̀, wọn kì í pẹja, kódà kí ọmọ má ṣa ewé.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ère kan péré, kó jókòó tì í, kó fi pẹ́ńsù yà á sínú ìwé, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé apá ibo ni ewéko hù sí lára ẹ̀, ibo ló ti sán, ṣé irin ti yọ síta. Àwọn kan á kùn pé ó ti pẹ́ jù, ẹ má dá wọn lóhùn. Ọmọ tó bá wo ère kan dáadáa ti rí ju èyí tó sáré wo gbogbo ẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Wẹ́dà ni mí. Bàbá mi ní ilẹ̀ kan lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, àpáta pọ̀ níbẹ̀, mo fẹ́ fi irin àlòkù, símẹ́ǹtì àti igi ṣe ère sáàárín àpáta yẹn kí èèyàn máa wá wò ó. Kí ló máa pẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ọmọ Wẹ́dà.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun. Kó o tó ra ohunkóhun, lọ jókòó pẹ̀lú bàbá rẹ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fún ẹ láyè, torí bí èrò bá ti ń wá, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi tẹ́lẹ̀ á di ti gbogbo ẹbí. Kó o sì béèrè lọ́wọ́ àgbà àdúgbò bóyá èyíkéyìí nínú àpáta yẹn jẹ́ ojúbọ, ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú wò.

Irin: ìwọ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àmọ́ èyí tó máa wà nínú òjò yàtọ̀ sí géètì. Má jẹ́ kí ibi kankan lára ẹ̀ lè gba omi dúró, lu ihò sísàlẹ̀ kí omi máa jáde, ha ìdọ̀tí wẹ́dìǹ kúrò, kun ọ̀dà pupa ìpìlẹ̀ kó o tó kun òmíràn. Símẹ́ǹtì: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ ni pé irin rọ́ọ̀dù sún mọ́ ìta jù, omi á gba ojú tó sán wọlé, irin á dógùn-ún, á wú, á sì fọ́ símẹ́ǹtì láti inú. Jẹ́ kí símẹ́ǹtì tó bo irin nípọn tó íǹṣì méjì, lo yanrìn tó mọ́, máa bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó má bàa tètè gbẹ. Igi: ìrókò tàbí apá, má rì í mọ́lẹ̀ rárá torí ikán, gbé e ka orí òkúta kí atẹ́gùn máa gba abẹ́ ẹ̀. Kódà pẹ̀lú ìyẹn, igi ló máa kọ́kọ́ lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mi ò rí nínú lẹ́tà rẹ ni iná ìgbẹ́. Lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá yẹn, tí ọyẹ́ bá dé, àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ á dáná sun pápá, ère igi rẹ á jóná, ọ̀dà ara irin á bó. Ro ilẹ̀ yí gbogbo ibẹ̀ ká kí oṣù kọkànlá tó dé, kó fẹ̀ dáadáa, lọ́dọọdún ni o. Ọ̀nà tí àlejò máa gbà, jẹ́ kó mọ́ torí ejò, kí ibòji wà, kí ibi ìgbọ̀nsẹ̀ wà.

Má ṣe ju ère méjì tàbí mẹ́ta lọ lọ́dún àkọ́kọ́. Fi wọ́n sílẹ̀ fún òjò àti oòrùn ọdún kan gbáko kó o tó pe àlejò, kó o lè rí ibi tó máa sán kó o sì tún un ṣe. Tó bá ti dúró, kọ̀wé sí wa, èmi náà á wá wò ó.